Yàrá Mélòó Ló Kù Nínú Ọkọ̀ Náà?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston. Láti ọdún tí wọ́n ti wà níbẹ̀, wọn ò wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi rí, bẹ́ẹ̀ ìrìn wákàtí kan péré ni ilé wọn sí èbúté tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gbéra. Ìbẹ̀rù omi kọ́ ló dá wọn dúró, owó ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ọsibítù ti sọ fún wọn pé ẹni tó bá ní sùúrù lè rí yàrá rà ní ìlàjì owó, torí kò sí ọlọ́kọ̀ tó fẹ́ kí yàrá ṣófo lọ sójú òkun. Ni wọ́n bá pè mí ní Ìbàdàn lórí WhatsApp.

"Ìwọ tó o fẹ́ràn ìwádìí, bá mi wò ó. Yàrá mélòó ló kù nínú ọkọ̀ yẹn? Bó bá ṣì pọ̀, màá fọwọ́ mú owó mi. Bó bá ti ń tán, kí n yáa san án."

Ìbéèrè náà kúrú. Ìdáhùn rẹ̀ ló gbé mi dé orí omi.

Ọkọ̀ tí wọ́n ní lọ́kàn ni Harmony of the Seas, tí wọ́n kàn ní Saint-Nazaire nílẹ̀ Faransé, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016. Ó gùn tó mítà 362. Yàrá 2,747 ló wà nínú rẹ̀ fún èrò. Bó bá jẹ́ èèyàn méjì-méjì ló wà ní yàrá, yàtọ̀ sí àwọn kéékèèké díẹ̀ tó jẹ́ ti ẹnì kan, èrò 5,479 ló ń gbà. Bí wọ́n bá na gbogbo bẹ́ẹ̀dì àfikún tó ń wálẹ̀ láti ara ògiri, ó lè gba 6,687. Láti Galveston ní ìpínlẹ̀ Texas ló ń gbéra nígbà náà fún ìrìnàjò alẹ́ méje: Costa Maya ní Mẹ́síkò, Roatán ní Honduras, Cozumel, kó tó padà wálé. Oṣù Kẹsàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi mú, wọn ò sì ṣèèṣì mú un. Àwọn ọmọ Texas ti wọlé padà láti oṣù Kẹjọ. Àsìkò ìjì líle nìyẹn pẹ̀lú, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà tí kì í sì í parí títí oṣù Kọkànlá fi máa ń tán. Nínú oṣù Kẹsàn-án gan-an ni ìjì Ike kọlu Galveston ní 2008. Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ tó máa ní àyè, ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn ń sá ni kó lọ.

Mo ṣí ìkànnì Royal Caribbean, iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà, lórí kọ̀ǹpútà mi ní Bódìjà. Kò pẹ́ tá a fi rí i pé owó tí èmi ń rí ní Nàìjíríà àti èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ń rí ní Houston kò dọ́gba, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń ta ọjà náà ní orílẹ̀-èdè kan yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń tà á ní òmíràn. A fẹnu kò pé ojú kọ̀ǹpútà tiwọn la ó máa wò. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, wọ́n á ya àwòrán ojú-ewé náà, wọ́n á fi ránṣẹ́, èmi á sì máa kọ ọ́ sínú ìwé.

Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé yàrá báyìí-báyìí ló kù. Wọ́n á bi ọ́ ní ọjọ́, wọ́n á bi ọ́ ní iye èèyàn, wọ́n á ní kó o mú irú yàrá tó o fẹ́: yàrá inú tí kò ní fèrèsé, yàrá onífèrèsé, yàrá oníbákónì, tàbí ti àwọn olówó. Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ńbà yàrá díẹ̀ máa yọjú ní àjà díẹ̀ nínú ọkọ̀. O mú ọ̀kan, o jáde, o tún wọlé, òmíràn ti dípò rẹ̀. Yàrá inú nìkan pín sí oríṣiríṣi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n á gba inú oríṣi kọ̀ọ̀kan kọjá, àjà lẹ́yìn àjà, á máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀ bó ṣe ń rí i. Mo ṣe é. Ìwé mi kún fún nọ́ńbà, ẹ̀gbọ́n mi sì ń béèrè lójoojúmọ́ pé, "Ó di mélòó?"

Lókè ojú-ewé náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé yàrá díẹ̀ ló kù ní iye owó yìí. Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì ní Òjòó tàbí Ojóta rí á ti mọ orin yẹn. Àgbèrò á máa ké pé, "Ó ku ẹnì kan! Ẹnì kan péré! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Wàá yọjú, wàá rí i pé èrò wà lórí ìjókòó lóòótọ́, wàá wọlé. Kò pẹ́, mẹ́ta nínú àwọn èrò náà á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì tó kàn. Ọmọ gáréèjì ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ni kí ọkọ̀ máa jọ èyí tó fẹ́ẹ̀ kún. Irọ́ gbuu nìyẹn. Ti ọlọ́kọ̀ ojú omi kì í ṣe irọ́. Yàrá díẹ̀ ló kù ní iye owó yìí lóòótọ́. Iye tó kù ní iye owó mìíràn ni wọn ò dárúkọ. Kí n má purọ́, mo fara mọ́ ti àgbèrò ju tiwọn lọ. Ó kéré tán, èèyàn lè bẹjú wo inú bọ́ọ̀sì.

Síbẹ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ti mọ́ lára ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń bẹjú wò ó. Wọ́n á béèrè yàrá fún èèyàn méjì, wọ́n á tún béèrè fún mẹ́ta, wọ́n á béèrè fún mẹ́rin, wọ́n á wá fi ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló ń mú kí àwọn ìdáhùn náà lè yàtọ̀ síra. Nígbà tí Titanic rì ní 1912, èrò àti òṣìṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ lé ní 2,200, àyè inú àwọn ọkọ̀ agbẹ̀mílà rẹ̀ kò sì ju 1,178 lọ. Ìyẹn ló bí àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní SOLAS ní 1914, òun ló sì sọ ọ́ di dandan pé kí àyè wà fún gbogbo ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ agbẹ̀mílà 18 ló so rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Harmony, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba èèyàn 370. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ á ti péjọ bí wàhálà bá dé. Bí iye tí ibẹ̀ lè gbà bá ti pé, yàrá tó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ò ní gba mẹ́rin mọ́, bó tilẹ̀ ṣófo. Tó o bá wá rí yàrá rẹpẹtẹ fún èèyàn méjì, tí kò sì sí ẹyọ kan fún mẹ́rin, bóyá àwọn ìdílé ti ra èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin tán, bóyá ibi ìpéjọ ló ti kún. Èyí ó wù kó jẹ́, ọmọdé pọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, ẹni tó fẹ́ sinmi gbọ́dọ̀ tètè mọ̀.

Àmì kejì wà lára àwọn yàrá tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Ẹnu ọ̀nà wọn fẹ̀, ilé ìwẹ̀ wọn sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ìyẹn ni wọ́n máa ń tà kẹ́yìn fún ẹni tí kò nílò rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé irú yàrá bẹ́ẹ̀ nìkan ló kù tí ìkànnì ń fi hàn ní oríṣi kan, a jẹ́ pé ìyókù ti lọ. Lórí ìwádìí wa, èmi gba àmì yìí gbọ́ ju gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ sínú ìwé lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gba èyíkéyìí gbọ́. Wọ́n fà mí lé ọ̀rẹ́ wọn kan lọ́wọ́, obìnrin ará Èkìtì tó ń ta ìwé ìrìnàjò ní Houston. Ìlú yẹn kì í ṣe àjèjì sí òwò náà. Níbẹ̀ ni iléeṣẹ́ Vacations To Go wà láti 1984, àwọn tó ń to àwọn ọkọ̀ tó máa gbéra láàárín 90 ọjọ́ pọ̀ pẹ̀lú iye tí owó wọn fi wálẹ̀. Obìnrin yìí ń dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀ nínú yàrá kékeré kan nílé rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lórí fóònù pé yàrá mélòó ló kù.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, èmi tí mò ń tà á gan-an ò mọ̀."

Ojú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ń fi hàn ju tiwa lọ, òun náà kò sì rí gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ yọ yàrá àwọn ẹgbẹ́ kúrò. Ìjọ kan lè fẹ́ lọ ṣe àpèjọ lójú omi, tàbí kí ìdílé kan fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún ìyá wọn níbẹ̀. Aṣojú wọn á ní kí ilé-iṣẹ́ ya ọgbọ̀n yàrá sọ́tọ̀. Wọn ò tíì tà wọ́n, ẹlòmíràn ò sì lè rà wọ́n. Bí ogún bá rí olówó, mẹ́wàá á padà sọ́jà nígbà tí gbèdéke bá tó. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ra yàrá láìní nọ́ńbà wà: wọ́n sanwó fún yàrá inú, ilé-iṣẹ́ ló sì máa yan èyí tí wọ́n á sùn nígbà tó bá kù díẹ̀. Yàrá wọn wà níbẹ̀ lórí ìkànnì bí èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì rà, bẹ́ẹ̀ owó ti wọlé lórí rẹ̀. Yàrá tí wọ́n ń tún ṣe wà. Yàrá àwọn olórin àti aláwàdà tó ń ṣeré lálẹ́ wà, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sùn ní ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ nísàlẹ̀. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ wà pẹ̀lú. Ilé tẹ́tẹ́ inú ọkọ̀ máa ń fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní yàrá lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú.

"Nígbà tó o bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò," ó ní, "èyí tó kù á tún yí padà lọ́la."

Mo bi í léèrè ìdí tí ilé-iṣẹ́ ò fi kúkú sọ iye tó kù kí gbogbo wa sinmi. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwádìí yìí. Yàrá tí kò bá tà kí ọkọ̀ tó ṣíkọ̀, ọjà tó bàjẹ́ ni, wọn ò lè gbé e dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kì í sì í ṣe owó yàrá nìkan ló lọ, owó ọtí tó yẹ kí ẹni yẹn mu lọ, owó tẹ́tẹ́ lọ, owó ìrìn kiri ní etíkun lọ pẹ̀lú. Nítorí náà ó sàn fún ilé-iṣẹ́ kí ó ta yàrá ní owó díẹ̀ ju kí ó ṣófo. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ti sanwó gọbọi ní oṣù Kìíní bá rí i ní oṣù Karùn-ún pé owó ti já, ó lè pè wọ́n kí wọ́n dín tirẹ̀ kù, gbèdéke ò ṣáà tíì tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dín owó náà kù ní bòókẹ́lẹ́. Wọ́n á ní ẹ̀dínwó yìí jẹ́ ti àwọn ará Texas, èyí jẹ́ ti ẹni tó ti pé ọdún 55, èyí jẹ́ ti sójà. Tàbí kí wọ́n ní kí ẹni tó ti ra yàrá inú dá iye tó lè fi kún un kí wọ́n lè gbé e lọ sí yàrá oníbákónì, kí yàrá inú tirẹ̀ lè ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí gbogbo èèyàn bá mọ̀ pé irínwó yàrá ṣì ṣófo, ta ló máa sanwó lónìí?

Ìmọ̀ràn tó fún wa ò gùn. Ẹ má ka yàrá, ẹ ka ọjọ́. Fún ìrìnàjò alẹ́ méje bíi tiwa, owó gbọ́dọ̀ pé pérépéré ní nǹkan bí 90 ọjọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹni tó bá fà sẹ́yìn lẹ́yìn ìyẹn á pàdánù lára owó rẹ̀. Nítorí náà, kí gbèdéke yẹn tó kọjá ni àwọn tí ọkàn wọn ò tíì balẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn, ìgbà náà sì ni àwọn ẹgbẹ́ máa ń dá yàrá tí wọn ò rí olówó fún padà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ ṣí kọ̀ǹpútà.

A dúró. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn dé, nọ́ńbà yàrá tí kò sí nínú ìwé mi rí bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní àjà kan ṣoṣo, tẹ̀léra-tẹ̀léra, bí ìgbà tí ẹgbẹ́ kan bá dá àyè tirẹ̀ padà. Owó já. Kì í ṣe ìlàjì tí àwọn nọ́ọ̀sì sọ, ṣùgbọ́n ó já. Owó orí èbúté àti owó ẹ̀bùn àwọn òṣìṣẹ́ ò kúrò níbi tó wà, wọn kì í bá owó yàrá wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ra èyí tó dínwó jù, fún èmi àti àwọn: yàrá inú, láìní nọ́ńbà. Bí mo ṣe kọ nọ́ńbà kún ìwé tó, yàrá tiwa ò ní ọ̀kan.

Ohun tó kù fún mi ni fisà. Ọkọ̀ náà ń jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, ó ń padà wọlé. Ẹni tó mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ ní fisà Amẹ́ríkà tó fàyè gba wíwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn ọkọ̀. Tèmi fàyè gbà á. Mẹ́síkò sì máa ń gba ẹni tí fisà Amẹ́ríkà rẹ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí ọmọ Nàìjíríà tó béèrè iye yàrá tó kù, ìyẹn ni kó kọ́kọ́ wò.

A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Galveston ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ò fọkàn tán ọ̀nà I-45. Afárá gígùn kan ló gbé wa wọ erékùṣù náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 1900, ìjì líle gbá ìlú yìí; àwọn tí wọ́n fojú bù pé ó pa wà láàárín 6,000 sí 12,000, kò sì sí àjálù ojú ọjọ́ tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìtàn Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n mọ odi òkun tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 17, wọ́n sì fa iyanrìn wọ abẹ́ ilé àti ìta títí ilẹ̀ ìlú náà fi ga sókè. A rìn lórí odi yẹn nírọ̀lẹ́, a jẹ edé yíyan, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bíi pé kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Nítòsí òpópónà Strand, wọ́n kun àwòrán gàgàrà kan sára ògiri ní ìrántí ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 1865, nígbà tí Ọ̀gágun Gordon Granger kéde ní Galveston pé àwọn ẹrú Texas ti gba òmìnira, ọdún méjì ààbọ̀ lẹ́yìn tí ìkéde Ààrẹ Lincoln ti fìdí múlẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi gbogbo orílẹ̀-èdè ni láti 2021. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń gba owó ìlọ́po fún iṣẹ́ ọjọ́ náà ní ọsibítù, wọn ò sì mọ̀ pé ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló ti bẹ̀rẹ̀. "Níbí yìí kẹ̀?" Wọ́n ní kí n ya fọ́tò àwọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a rí ọkọ̀ náà láti ọ̀nà jíjìn, ó ga ju gbogbo ilé tó wà ní etí omi lọ. Royal Caribbean ṣí ibùdó tirẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2022. Mọ́tò tó tò síbi ìgbọ́kọ̀sí wá láti Oklahoma, láti Louisiana, láti Dallas. Ohun tó jẹ́ kí owó máa já ní Galveston nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi ló kíyè sí i: ẹni tó ń wa mọ́tò wá kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì òfuurufú, ó lè pinnu ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ẹni tó máa wọ bàálù lọ sí Miami kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó jèrè lórí yàrá á bá owó bàálù lọ.

Mo bi ọkùnrin kan tó ń yẹ ìwé wò bóyá ẹni tó bá kàn gbé báàgì wá lè ra yàrá lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò mí bíi pé mo béèrè bóyá mo lè wa ọkọ̀ náà. Orúkọ gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ àwọn aláṣẹ ibodè Amẹ́ríkà kí ọkọ̀ tó ṣíkọ̀, ilé-iṣẹ́ sì ti máa ń pa ìwé títà dé ṣáájú ìgbà náà. Bí yàrá bá ṣófo ní òwúrọ̀ yẹn, ó ti ṣófo lọ nìyẹn.

Wọ́n ti fún wa ní nọ́ńbà ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Yàrá náà kò ní fèrèsé, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kan wà tó ga láti ilẹ̀ dé òkè àjà, ó ń fi òkun tó wà níta hàn wá bó ṣe ń lọ, pẹ̀lú irin bákónì tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró síwájú rẹ̀ pẹ́. "Ayédèrú bákónì," wọ́n ní, inú wọn sì dùn sí i ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn yàrá mìíràn wà tí bákónì wọn kì í wo òkun rárá, inú ọkọ̀ ni wọ́n kọjú sí, sí ọgbà kan tó ní igi àti òdòdó gidi láàárín àjà mẹ́fà-méje. Ìyẹn ni ǹ bá rà bí mo bá lówó. Ìró àwọn tó ń jẹun nísàlẹ̀ ń wọlé síbẹ̀.

Ní ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi káàdì àwọn tó ni yàrá sínú àpòòwé. Ẹni tó bá dé á mú tirẹ̀. Ìwé mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, kí n sọ òótọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ti kúrò ní èbúté, mo rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa já láti orí dé ìdí, mo ń wo àpòòwé tí ẹnikẹ́ni ò mú àti ilẹ̀kùn tí wọn ò fi àpòòwé sí rárá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkùnrin tó ń darí eré gba ẹ̀rọ, ó kí wa káàbọ̀, ó sì dárúkọ iye èrò tó wà nínú ọkọ̀. Ó ju 5,479 lọ. Ará Dallas tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fọwọ́ sọ àyà: "A ti kún àkúnwọ́sílẹ̀!"

Ó dà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìṣirò àwọn ọlọ́kọ̀ ló ń fa irú ọ̀rọ̀ yẹn. Èèyàn méjì ní yàrá kan ni wọ́n ń pè ní kíkún. Mú ọkọ̀ oníyàrá 1,000: bí èrò bá pé 2,000, ó ti kún nìyẹn. Bí yàrá 700 bá wá gba èèyàn méjì-méjì, tí 250 gba mẹ́ta-mẹ́ta nítorí àwọn ọmọ, èrò ti di 2,150. Ilé-iṣẹ́ á kọ ọ́ sínú ìròyìn ọdún pé ọkọ̀ kún dé ìdá 107.5 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ 50 yàrá ṣófo pátápátá. Carnival, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ mìíràn, ròyìn ìdá 105 ní 2024. Royal Caribbean ti ròyìn ìdá 108.1 ní 2019. Èèyàn lè ka iye yẹn kó má mọ nǹkan kan nípa yàrá.

Òṣìṣẹ́ tó ń tún yàrá wa ṣe jẹ́ ará Indonesia. Òun ló ń tún ọ̀pọ̀ yàrá ṣe lápá ọ̀dọ̀ wa, òun nìkan ló sì mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà láìsí ẹni tó sùn lé e. Ní ọjọ́ tá a wà lójú omi, mo bi í bóyá yàrá kankan ṣófo. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, méjì. Inú mi dùn, mo ro pé mo ti rí ohun tí mò ń wá. Ó ní ọ̀kan ń dúró de olórin kan tó máa wọkọ̀ lọ́nà. Ìkejì ni ti tọkọtaya tó sanwó tán tí wọn ò yọjú sí èbúté.

Wọ́n ti ta méjèèjì, tàbí ká ní wọ́n ti lò wọ́n. Yàrá tó ṣófo lójú mi kì í ṣe yàrá tí wọn ò tà. Èyí tí wọn ò tà gan-an, bó bá wà, kì í ṣe ibi tí àpòòwé lè fi hàn mí.

Mo kó ìwé náà sínú báàgì. Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn etíkun tá a yà sí. Costa Maya jẹ́ ọjà tí wọ́n kọ́ fún ọkọ̀, wọ́n mọ iye tó wà lápò wa ju àwa náà lọ. Roatán dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn Garifuna dà sí ní 1797 lẹ́yìn tí wọ́n lé wọn kúrò ní Saint Vincent, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà àti ti àwọn ará erékùṣù náà pọ̀ mọ́ra lára wọn. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ìlù wọn, wọ́n ní òun náà ni wọ́n ń lù nílé àwọn ní Ìjẹ̀bú. Mi ò ro pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì jiyàn. Ní Cozumel, oòrùn mú débi pé inú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ amúlétutù wà la ti lo ọ̀sán.

Ní ọ̀nà àbọ̀, wọ́n ti to àga síwájú tábìlì kan tí wọ́n ti ń ta ìrìnàjò mìíràn fún àwọn tí ò tíì parí èyí. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Wọ́n fẹ́ oṣù Kejìlá, kí Bùọ̀dá, ọkọ wọn, àti àwọn ọmọ lè tẹ̀ lé àwọn. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní yàrá ti ń tán, kí wọ́n san àsansílẹ̀ lónìí kí àwọn fún wọn ní owó ìnáwó inú ọkọ̀.

"Ẹ yí kọ̀ǹpútà yẹn sí mi díẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Wọ́n béèrè fún èèyàn méjì. Wọ́n béèrè fún mẹ́ta. Wọ́n béèrè fún mẹ́rin, wọ́n sì rí i pé ó kù ní yàrá oníbákónì, kò kù ní yàrá inú àfi ti oníkẹ̀kẹ́ arọ. Wọ́n mi orí. Wọ́n béèrè ọjọ́ gbèdéke owó, obìnrin náà sọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, wọ́n sì kọ orúkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.